Ilé Ọtí tí Kò Ní Pátákó: Bí Ẹ Ṣe Máa Wọ Ọ̀kan ní New York

Ilé họ́ọ̀tì dọ́ọ̀gì kan wà ní ojúlé 113, St. Marks Place, ní àdúgbò East Village ní New York. Crif Dogs ni wọ́n ń pè é. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn díẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ óò bá àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ sọ́séèjì nínú búrẹ́dì, òórùn òróró gbígbóná á máa ta sí yín nímú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àpótí tẹlifóònù àtijọ́ kan wà níbẹ̀, irú èyí tí èèyàn máa ń wọ inú rẹ̀ kó tó pe ẹnìkan. Ẹ wọ ibẹ̀, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ gbé tẹlifóònù náà sí etí. Ẹnìkan á dá yín lóhùn. Tí àyè bá wà, ẹ̀yìn àpótí náà á ṣí, ẹ óò sì rí i pé ilé ọtí kan ti ń bẹ lẹ́yìn ògiri láti àárọ̀. Please Don't Tell ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i. Orúkọ yẹn ń bẹ̀ wá pé ká jọ̀wọ́ ká má sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ayé ti gbọ́.

Bronx ni mò ń gbé. Kò sí ará ilé tó wá kí mi láti Ìbàdàn tàbí láti London tí kì í ní kí n mú òun lọ sí "ilé ọtí tí wọ́n fi pamọ́ yẹn". Mo ti mú àwọn kan lọ tí wọ́n gbádùn ara wọn, mo sì ti mú àwọn kan lọ tí wọ́n lé wa padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá di pé mo ní àwọn ìkìlọ̀ kan tí mo máa ń kà sí wọn létí nínú ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Wíwá ilẹ̀kùn kọ́ ló le níbẹ̀, nítorí Google mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ máa sọ nígbà tí ẹ bá ti jókòó ló le.

Ta ni wọ́n ń sá fún?

Láti ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1920 títí di ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1933, òfin Amẹ́ríkà ka ọtí ṣíṣe, ọtí títà àti ọtí kíkó láti ibì kan sí ibòmíì léèwọ̀. Òfin náà kò ní kí ẹnikẹ́ni má mu ún o. Ibi tí wọ́n ti máa rí i rà ló dí pa. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tà á nínú àjà ilẹ̀, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Speakeasy ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ rọra sọ̀rọ̀ kí ará ìta má baà gbọ́. Orúkọ náà ti wà ṣáájú òfin yẹn pàápàá. Ní 21 Club, ní West 52nd Street, wọ́n kan pẹpẹ ọtí lọ́nà tó jẹ́ pé tí ọlọ́pàá bá ti kanlẹ̀kùn, wọn á dojú rẹ̀ dé, gbogbo ìgò á sì ya lọ sínú ihò. Ojúlówó ọtí wọn wà nínú àjà ilẹ̀ ilé kejì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó jọ ògiri, tó jẹ́ pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ kó tó ṣí. Ilé ọtí yẹn ti ilẹ̀kùn ní 2020, lásìkò kòrónà.

Tí mo bá sọ èyí fún àwọn ará ilé, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Ṣebí àwa náà mọ̀ ọ́n. Ìjọba òyìnbó fòfin de ògógóró ní Nàìjíríà, àwọn tó ń sè é sì sá wọ inú igbó àti etí odò lọ. Ní Gánà, akpeteshie ni wọ́n ń pe tiwọn, ọ̀rọ̀ èdè Gà tó jẹ mọ́ fífi ara pamọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé kò sí ẹni tó gba ogún dọ́là lọ́wọ́ wa rí kó tó jẹ́ ká gba inú àpótí tẹlifóònù lọ mu ògógóró.

Lóde òní, gbogbo àwọn ilé wọ̀nyí ló ní ìwé àṣẹ ìjọba. Kò sí ẹni tí wọ́n ń sá fún mọ́, eré ni. Àmọ́ nǹkan gidi kan ṣẹ́kù nínú eré náà: yàrá kékeré, ìjókòó tó níye, ohùn jẹ́jẹ́, àti agbọ́tí tó ráyè gbọ́ tiyín. Òun lẹ ń sanwó fún.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù yín dání. Ìwé gan-an ni mò ń wí, kì í ṣe àwòrán rẹ̀ nínú fóònù. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 kò gbọdọ̀ ra ọtí ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé ọtí ní New York ló sì máa ń yẹ ìwé gbogbo ẹni tó bá wọlé wò, ewú ì báà wà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún bá mi lọ sí ibì kan lẹ́ẹ̀kan, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kó mú ìwé wá. Ẹ̀gbọ́n ní, "Èmi tí mo lè bí ẹ lọ́mọ!" Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ìwé dà? Ìwé wà lórí fíríìjì mi ní Bronx. Wákàtí kan ní àlọ, wákàtí kan ní àbọ̀, nígbà tí a sì padà dé, àyè ti kún.

Ẹ má pọ̀. Ẹni méjì ló dára jù, ẹ má ju mẹ́rin lọ. Àwọn yàrá yìí kéré, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í gba èrò ìdúró. Tí ìjókòó bá ti tán, ó tán náà nìyẹn. Ẹ ò lè gbéra láti òde ìgbéyàwó, ẹni mẹ́jọ nínú aṣọ ẹbí kan náà, kí ẹ rò pé wọn á fún ara wọn pọ̀ fún yín.

Aṣọ kò le. Ẹ ṣáà má wọ sílípáàsì, ẹ má sì wọ aṣọ tí ẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹun kánú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ọtí tí wọ́n ń pò níbẹ̀ ló ní nǹkan bíi mílílítà 60 ọtí líle nínú ife kan, ṣúgà àti oje èso á sì bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi tí ẹnu yín kò ní tètè mọ̀. Orí yín ló máa mọ̀.

Ní ti àkókò, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn, kò ṣeé fi wé alẹ́ Sátidé. Please Don't Tell ń gba orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí náà ẹ tètè fi tiyín sílẹ̀. Attaboy tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gba orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tó bá dé ló dé.

Ó wá ku owó, ẹ jẹ́ ká là á mọ́lẹ̀. Ọtí kan ní irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń wà láàárín dọ́là 18 sí 22. Ká mú 20. Owó orí ọjà ní New York jẹ́ ìdá 8.875 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 78. Tíìpù wá tẹ̀ lé e, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, dọ́là mẹ́rin. Ife kan ti di dọ́là 25 àti sẹ́ǹtì 78. Ẹni méjì tó mu ife méjì-méjì á san 103 dọ́là, wọn ò sì tíì jẹ nǹkan kan. Ẹ má wo tíìpù yẹn bí owó tí ẹ fi ń ṣe ọ̀làwọ́. Ó wà lára ohun tí agbọ́tí fi ń san owó ilé ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò bá fẹ́ san án kó jókòó sílé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, àmọ́ ojú ti tì mí rí nítorí àlejò mi.

Ilẹ̀kùn wo?

Tẹlifóònù ti Please Don't Tell ló rọrùn jù fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, torí kò sí bí ẹ ṣe lè ṣì í mọ̀. Ọkọ̀ ojú irin 6 ni kí ẹ wọ̀ dé Astor Place, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìhà ìlà oòrùn títí ẹ fi kọjá First Avenue.

The Back Room wà ní ojúlé 102, Norfolk Street, ní Lower East Side, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Delancey. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ ni géètì àti pátákó tó sọ pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ gba ọ̀nà tóóró tó ṣókùnkùn díẹ̀ kọjá, ẹ tún gun àtẹ̀gùn. Ife tíì ni wọ́n ń bu ọtí sí, bíà sì máa ń wà nínú àpò bébà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti fi tan ọlọ́pàá jẹ. Ó ga, ó láyè, ariwo sì wà níbẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tí mo mú lọ síbẹ̀ fẹ́ràn fọ́tò rẹ̀ ju ọtí rẹ̀ lọ, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Tí ẹ bá mú bàbá tàbí ìyá tí orúnkún ń dùn dání, Raines Law Room ní 48 West 17th Street ni kí ẹ lọ. Ẹ tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Àga tìmùtìmù ló wà níbẹ̀, bí pálọ̀, tí ẹ bá sì fẹ́ pe agbọ́tí, ẹ fa okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Òfin ọdún 1896 kan ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Òfin yẹn ní hòtẹ́ẹ̀lì nìkan ló lè ta ọtí lọ́jọ́ Ìsinmi, òun náà sì gbọ́dọ̀ tà á pẹ̀lú oúnjẹ. Kí ni àwọn ọlọ́tí ṣe? Wọ́n so yàrá mẹ́wàá mọ́ ilé ọtí kó lè di hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gbé sáńwíìṣì kan kalẹ̀, wọ́n sì ń gbé sáńwíìṣì yẹn kan náà láti tábìlì dé tábìlì. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni Attaboy, ojúlé 134, Eldridge Street. Ilẹ̀kùn irin lásán ni. Ẹ kànkùn, ẹ dúró. Ẹnìkan á yọjú, á bi yín pé ẹ mélòó ni yín. Tí kò bá sí àyè, á gba nọ́ńbà fóònù yín, á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ nígbà tí àyè bá yọ. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì sọ fún un pé ọ̀nà jíjìn lẹ ti wá. Gbogbo ẹni tó dúró sí ìta yẹn ló ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ kí i, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ lọ rìn yíká. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó, òwe yẹn sì ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Eldridge Street bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́.

Ilé yìí ní ìtàn. Ibẹ̀ ni agbọ́tí kan tó ń jẹ́ Sasha Petraske ṣí ilé ọtí rẹ̀, Milk & Honey sí ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1999. Ó gbé òfin ilé kọ́ síbẹ̀. Ẹ má pariwo. Ẹ má máa dárúkọ àwọn gbajúmọ̀ tí ẹ mọ̀. Kí ọkùnrin bọ́ fìlà. Kí ọkùnrin má dìde lọ fi ara rẹ̀ han obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n rí. Tí obìnrin náà bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, á sọ fún agbọ́tí. Petraske kú ní 2015, Milk & Honey sì ti kúrò níbẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, àmọ́ òfin wọ̀nyẹn ti di ìwà ní gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀. Ti fìlà yẹn dun ẹ̀gbọ́n mi tó nírùngbọ̀n yẹn, torí abetí ajá ló dé wá. Mo ní kó jẹ́ kó máa bẹ lórí, kò sẹ́ni tó bá a wí. Ti fọ́tò ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ ya ọtí yín tó bá wù yín, ẹ pa iná fóònù, ẹ má ya ojú ẹlòmíì.

Ohun tí ẹ máa sọ fún agbọ́tí

Ní Attaboy, kò sí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ọtí sí. Agbọ́tí á sún mọ́ yín, á gbé omi ka iwájú yín, á sì bi yín pé kí lẹ ń fẹ́ lálẹ́ yìí. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń tán lẹ́nu àwọn ará ilé. Wọ́n á wò mí. Ọ̀kan á ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó wọ́n jù, òmíràn á ní kó ṣáà le dáadáa.

Ẹ gbàgbé ìyẹn. Ẹ rántí alágbo ní gáréèjì. Ta ló ń dárúkọ egbò fún alágbo? Ẹ máa sọ fún un pé ẹ̀yìn ló ń ro yín, tàbí pé jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ yín lẹ́nu, tàbí pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù, ara yín kàn wúwo. Òun ló mọ ìgò tó máa fà yọ, òun ló mọ èyí tó máa là mọ́ ọn, òun ló máa bi yín bóyá ẹ lè gba kíkorò. Ẹni tó ń ta paraga ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wa láti ọjọ́ pípẹ́. Agbọ́tí Eldridge Street kò lè wo jẹ̀díjẹ̀dí, àmọ́ bó ṣe ń fetí sílẹ̀ kò yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ sọ ohun mẹ́ta fún un. Àkọ́kọ́ ni irú ọtí: jíìnì, wisikí, rọ́ọ̀mù, tàbí tequila. Tí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ fẹ́, ẹ mọ èyí tí ẹ kórìíra, ẹ sọ ìyẹn. Èkejì ni bóyá kó fúyẹ́ tàbí kó wúwo. Èyí tó fúyẹ́ ní oje ọsàn kíkan nínú, wọ́n máa ń mì ín pọ̀ pẹ̀lú yìnyín títí á fi yọ fòfó. Èyí tó wúwo kò ní oje kankan, wọ́n kàn máa ń fi ṣíbí gígùn rò ó pẹ̀lú yìnyín ni, ẹ óò sì rọra máa tọ́ ọ lá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀kẹta ni adùn tí ẹnu yín ti mọ̀ láti ilé. Ẹ má tijú níbí. Ẹni tó ń mu omi ewúro láìfajúro á gbádùn Negroni, tí wọ́n fi jíìnì, Campari (ọtí pupa kíkorò) àti vermouth pupa (wáìnì tí wọ́n fi ewé àti egbò sí) pò ní ìdá kan-kan, ìkorò rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó kúrò lẹ́nu. Ẹni tó fẹ́ràn atalẹ̀, kó sọ pé atalẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn oyin, kó sọ pé oyin.

Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ju báyìí lọ: "Wisikí, kó ní atalẹ̀, kó kan díẹ̀, kó má dùn jù." Ọmọbìnrin náà mi orí, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Penicillin ló gbé wá. Sam Ross ló ṣe é ní 2005, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Milk & Honey nínú ilé yẹn gan-an, òun náà sì wà lára àwọn tó sọ ibẹ̀ di Attaboy. Wisikí Scotland ni, nǹkan bíi mílílítà 60, pẹ̀lú oje lemon, oyin àti atalẹ̀, wọ́n wá da díẹ̀ nínú wisikí erékùṣù Islay lé e lórí. Wisikí Islay yìí, èéfín ni wọ́n fi ń gbẹ ọkà rẹ̀, torí náà òórùn ẹja yíyan ló máa kọ́kọ́ kàn yín nímú kí oyin tó dé ahọ́n. Àwọn kan máa ń fajúro sí i. Mo rò pé ọmọ ẹni tó dàgbà nítòsí ààrò kò ní fajúro.

Ní Please Don't Tell, ìwé àkọsílẹ̀ wà, ẹ lè ka á. Èyí tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni Benton's Old Fashioned tí agbọ́tí kan tó ń jẹ́ Don Lee ṣe. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan ni wọ́n yọ́ sínú bourbon, ìyẹn wisikí Amẹ́ríkà, wọ́n á jẹ́ kí méjèèjì jọ wà fún wákàtí díẹ̀, wọ́n á gbé e sínú fírísà kí ọ̀rá náà lè dì, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Ọ̀rá á lọ, òórùn ẹran á kù sínú ọtí. Wọ́n á wá fi omi ṣúgà igi maple àti bítà sí i. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kó yáa gbọ́ èyí lẹ́nu mi báyìí, kó má lọ gbọ́ ọ nígbà tí ife ti gbẹ.

Tí ohun tí wọ́n gbé wá kò bá yín lẹ́nu mu, ẹ sọ ọ́ ní kíá, ní ohùn pẹ̀lẹ́, nígbà tí ife ṣì kún: ó dùn jù, tàbí ó kan jù. Wọn á tún un ṣe. Ohun tí wọn kò ní ṣe ni kí wọ́n kún ọtí sí i nítorí pé ẹ ní kò pọ̀. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n ni.

Ẹni tí kì í mutí náà lè lọ. Kó sọ fún agbọ́tí ní tààràtà pé òun kò fẹ́ ọtí rárá, kó wá dárúkọ adùn tí òun fẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù. Àbúrò mi kan tó jẹ́ Mùsùlùmí bá mi lọ. Ó ní nǹkan kíkan, tó pupa, bíi sobo. Ohun tí wọ́n pò fún un dára ju tèmi lọ, kò sì fún mi tọ́ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìgbà tí ẹ bá ń lọ

Ife méjì tó. Ẹ mu gbogbo omi tí wọ́n bá gbé wá. Ẹ gba ìwé owó, ẹ kọ tíìpù sí i, ẹ má jókòó fún wákàtí kan lórí ife òfìfo nígbà tí àwọn kan ń gbọ̀n nínú òtútù níta. Òfin gba ilé ọtí láyè títí di aago mẹ́rin ìdájí ní New York, àmọ́ èèyàn ń sùn lókè àwọn yàrá wọ̀nyí, torí náà ẹ parí ẹ̀rín yín sínú ilé kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.

Tó bá jẹ́ Please Don't Tell lẹ wà, inú àpótí tẹlifóònù náà lẹ máa gbà jáde, àwọn tó ń jẹ sọ́séèjì á sì gbójú sókè wò yín. Ẹ ra họ́ọ̀tì dọ́ọ̀gì kan, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ sí Astor Place. Ọkọ̀ ojú irin 6 kì í sùn, á gbé yín dé Bronx.